Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ṣíṣètò ìsìnkú ara ẹni sílẹ̀: ilẹ̀ ni àbí iná?

Èmi ni mo máa ń jókòó ti àwọn ẹbí lọ́jọ́ tí èèyàn wọn bá kú, tí a ó jọ máa to ọ̀rọ̀ ìsìnkú. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ìbéèrè kan wà tó ń dá ìjà sílẹ̀ ju owó lọ: "Kí ni olóògbé fúnra rẹ̀ fẹ́?" Bí olóògbé bá ti sọ ọ́, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tó kù á ráyè sunkún. Bí kò bá sọ ọ́, ẹjọ́ ni wọn ó máa rò níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa ṣọ̀fọ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ló wà nísàlẹ̀ yìí. Mo dáhùn wọn bí mo ṣe máa dáhùn fún ọmọ ìyá mi.

Kí èèyàn máa ṣètò ìsìnkú ara rẹ̀, ṣé kò dà bí ẹni tó ń pe ikú wálé?

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àjèjì sí mi, mi ò sì ní fojú kéré ẹni tó ń bà. Mo ti rí bàbá kan tó dìde lórí àga nígbà tí ọmọ rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tí kò sì padà jókòó mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwáyé-má-kùú ò sí, ẹni tó ra inṣọ́ránsì mọ́tò náà kò sì pe jàǹbá. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé ara àwọn tó kọ tiwọn sílẹ̀ máa ń fúyẹ́. Wọ́n á pa ìwé náà dé, wọ́n á sì máa bá ayé wọn lọ. Bàbá tí mo sọ yìí padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun nìkan, pẹ̀lú ìwé kan tó ti kọ láti ilé. Ìlà méje péré ló wà níbẹ̀. Ìlà kẹfà ni: "Ẹ má fi mí pẹ́ nínú fíríìjì."

Ìgbà wo ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀?

Ìgbà tí ara bá le, tí orí sì pé. Ẹ má dúró de àìsàn. Ẹni tó wà lórí ibùsùn ọsibítù lè sọ ohun tó fẹ́, àmọ́ àwọn tó yí i ká kì í fẹ́ gbọ́ ọ, ẹlòmíì á tiẹ̀ ní oògùn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí ẹ bá ṣègbéyàwó, bí ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín bá kọra yín sílẹ̀, bí ẹ bá kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, tàbí bí ẹni tí ẹ gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ bá ti ṣaláìsí.

Kí gan-an ni kí n kọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó nira jù. Ṣé kí wọ́n sin yín ni, àbí kí wọ́n sun yín? Níbo? Tó bá jẹ́ sísun, kí ni kí wọ́n fi eérú ṣe? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ "ẹ sun mí" tí wọ́n á sì gbàgbé ti eérú. Mo mọ ilé kan tí àpótí eérú ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù fún ọdún 11, nítorí pé kò sẹ́ni tó láyà láti pinnu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò ìsìn: ta ni kó ṣáájú àdúrà, orin wo ni kí wọ́n kọ, kí ni kí wọ́n kà. Ẹ kọ aṣọ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wọ̀ fún yín. Ẹ kọ iye tí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n ná kọjá, torí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í lè dúnàádúrà. Ojú á máa tì í láti béèrè pósí tí kò wọ́n, á máa rò pé ìfẹ́ òun sí olóògbé ni wọ́n fẹ́ fi díwọ̀n. Ìlà kan láti ọwọ́ yín, "ẹ ra èyí tí kò wọ́n, mo fọwọ́ sí i," máa ń gbé ẹrù yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀ pátápátá.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: orúkọ yín ní kíkún bó ṣe wà nínú ìwé ìjọba, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti bí yín, orúkọ bàbá àti ìyá yín, ìwé ìgbéyàwó yín. Ní ibi púpọ̀, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó fún ẹbí ní ìwé ẹ̀rí ikú. Mo ti jókòó ti ọkùnrin ẹni 50 ọdún tó ń wá orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni òkú tó wà nílẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan láti ọ̀dọ̀ mi: ẹ má jẹ́ kí ìwé náà le koko. "Bó bá ṣeé ṣe" jẹ́ ọ̀rọ̀ àánú fún àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ náà.

Tí mo bá ti kọ ọ́, ṣé dandan ni kí wọ́n tẹ̀ lé e?

Ó wà lọ́wọ́ òfin ibi tí ẹ bá kú sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkú èèyàn kì í ṣe dúkìá ẹnikẹ́ni, nítorí náà èèyàn ò lè fi wíìlì há òkú ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹjọ́ tí wọ́n dá lọ́dún 1882 ló fìdí èyí múlẹ̀. Ọkùnrin kan, Henry Crookenden, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ọ̀rẹ́ òun obìnrin, Eliza Williams, sun òkú òun. Nígbà tó kú, ẹbí kò gbà, wọ́n sin ín. Obìnrin yìí ò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ láti hú òkú náà, ó ní òun fẹ́ tún un sin síbòmíràn, ó sì gbé e lọ sí Mílánù ní Ítálì, ó sun ún níbẹ̀. Ó wá pe àwọn alámòójútó ogún lẹ́jọ́ pé kí wọ́n dá owó tí òun ná padà. Ilé ẹjọ́ ní rárá, pé àṣẹ tí olóògbé pa lórí òkú ara rẹ̀ kò di àwọn alámòójútó lọ́wọ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, èèyàn lè fọwọ́ sí ìwé tó yan ẹnìkan pàtó tí yóò láṣẹ lórí òkú rẹ̀, kódà bí àwọn ọmọ bá ń janpata. Ẹ bi lọ́yà níbi tí ẹ ń gbé. Ṣùgbọ́n níbi yòówù kó jẹ́, ẹni tí ẹ bá gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ṣe pàtàkì ju bébà lọ. Ẹ má torí ọjọ́ orí yan ẹnikẹ́ni. Ẹ yan ẹni tí kò ní í gbọ̀n nígbà tí gbogbo ẹbí bá ń pariwo, kí ẹ sì bi í bóyá ó gbà. Ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ pé àwọn ni wọ́n yàn lọ́jọ́ tí òkú wà nílẹ̀.

Ilẹ̀ ni àbí iná? Èwo ni ẹ̀yin máa yàn?

Mi ò ní yàn fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti rí.

Ilẹ̀ ń fún àwọn tó kù níbi tí wọ́n á máa lọ. Mo mọ opó kan tó ń lọ nu òkúta orí ibojì ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tó sì ní ibẹ̀ nìkan ni orí òun ti máa ń balẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó lè dípò ibojì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í rìn. Bí gbogbo ọmọ bá ti kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, koríko ni yóò bo ibẹ̀. Owó rẹ̀ sì máa ń pọ̀ jù: ààyè, gbígbẹ́, òkúta, ìtọ́jú.

Owó iná sábà máa ń dín, kò sì fi ìkánjú há èèyàn mọ́. Eérú lè dúró de ọmọ tó wà lókè òkun títí yóò fi ráyè wálé. Wọ́n lè gbé e dání. Àmọ́ iná kì í dá nǹkan padà. Wọ́n lè hú ẹni tí wọ́n sin, bó bá di dandan. Ẹni tí wọ́n sun ti lọ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹbí tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá tíì dọ́gba pé kí wọ́n má sun ún. Bí iyàn bá wà, tàbí tí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì lórí ohun tó pa á, ilẹ̀ ló yẹ.

Bí ẹ kò bá tíì mọ èyí tí ẹ máa yàn, ẹ ro ti ẹni tó fẹ́ràn yín jù. Lọ́jọ́ tí àárò yín bá sọ ọ́, níbo ni yóò fẹ́ lọ jókòó?

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an níbi tí wọ́n ti ń sun òkú?

Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Torí pé iná á pa gbogbo ẹ̀rí rẹ́, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń béèrè ìwé àti ìfọwọ́sí ju èyí tí wọ́n ń béèrè fún sísin lọ. Wọ́n á tún béèrè bóyá ẹ̀rọ kékeré tí dókítà ń fi sábẹ́ awọ àyà, tó ń bá ọkàn lù, wà lára olóògbé. Bó bá wà, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́, nítorí bátìrì inú rẹ̀ lè bú gbàmù nínú ààrò. Bí ẹ bá ní irú ẹ̀rọ yìí, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé yín.

Ìwọ̀n 760 sí 980 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni ààrò náà sábà máa ń gbóná tó. Ẹnìkan ni wọ́n ń gbé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ sí mẹ́ta. A ń pe ohun tó kù ní eérú, àmọ́ egungun ni, funfun, tó ti gbẹ. Wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á fi òòfà àti ọwọ́ ṣa irin kúrò, bí ìṣó pósí àti irin tí wọ́n fi tún egungun ìbàdí ṣe, wọ́n á wá lọ ìyókù kúnná. Ti àgbàlagbà sábà máa ń tó kílò 2 sí 3.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé àpótí kan fún ọmọ olóògbé, ọwọ́ kan ló nà. Àpótí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ó yára fi ọwọ́ kejì gbá a mú, ó gbé e mọ́ àyà, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì dún ṣàà bí iyanrìn odò. "Ó wúwo," ló sọ. Ìwúwo ọmọ tuntun ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń sọ fún wọn kí n tó gbé e lé wọn lọ́wọ́ pé, "Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á."

Ṣé wọ́n lè da eérú mi síbi tó wù mí?

Ẹ béèrè òfin ibẹ̀ ná. Lójú òkun Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀ tó máìlì òkun 3, kí ẹbí sì sọ fún àjọ tó ń bójú tó àyíká láàárín ọjọ́ 30. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Jámánì, ẹbí kò lè gbé eérú lọ sílé rárá. Itẹ́ òkú ni òfin ní kó wà. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ tọrọ ààyè. Tí ẹni tó máa gbé e bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú, kó má fi í sínú ohun èlò onírin, torí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kì í rí inú rẹ̀.

Ṣé ẹ̀sìn mi gbà kí wọ́n sun mí?

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò gbà á: ìwẹ̀, aṣọ funfun, àdúrà, ilẹ̀, láìjẹ́ kó pẹ́. Àwọn Júù tó di ìlànà àtijọ́ mú kò gbà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gíríìsì. Ìjọ Kátólíìkì gbà á láti ọdún 1963, ṣùgbọ́n ìwé tí Vatican gbé jáde ní 2016 sọ pé ibi mímọ́ ni kí eérú wà, kí wọ́n má dà á sínú afẹ́fẹ́ tàbí sínú omi. Ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn oníkálukú. Ní ti àwọn Híńdù, iná gan-an ni ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ bi olórí ìjọ tàbí àáfà yín nísinsìnyí tí ẹ lè fi etí ara yín gbọ́ èsì, kó má lọ di pé ẹnìkan á ní àlùfáà sọ báyìí, ẹnìkan á ní kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ààyè ibojì tí mo rà, ṣé tèmi ni títí ayé?

Ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Ní ibi púpọ̀, ẹ̀tọ́ láti sin èèyàn síbẹ̀ ni ẹ rà, ilẹ̀ náà kì í ṣe tiyín. Ní itẹ́ òkú ìjọba ìbílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ náà kò lè kọjá ọdún 100 lẹ́ẹ̀kan. Ní Jámánì, ó sábà máa ń wà láàárín ọdún 15 sí 30, lẹ́yìn èyí wọ́n lè fi ààyè náà fún ẹlòmíràn bí ẹbí kò bá tún un san, níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á. Ẹ tún béèrè iye òkú tó lè wọ ibojì kan, irú òkúta tí wọ́n gbà, àti ẹni tí yóò máa gé koríko.

Ṣé dandan ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ oògùn sí òkú lára?

Lọ́pọ̀ ibi, rárá. Fọmalíìnì ló wà nínú oògùn náà. Ó ń dá jíjẹrà dúró fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ojú olóògbé ṣeé wò. Tí ìsìnkú ò bá ní í pẹ́, fíríìjì tó. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé òkú la orílẹ̀-èdè kọjá ni wọ́n sábà máa ń ní àfi kí wọ́n ṣe é.

Ṣé kí n kúkú san owó rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí àwọn tó ń ta ètò yìí fẹ́ràn láti pò wọ́n pọ̀. Ṣíṣètò yàtọ̀ sí sísanwó. Ẹ lè to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ láìsan kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ sanwó fún ilé-iṣẹ́ ìsìnkú ṣáájú, ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ta ló ń tọ́jú owó náà, ṣé ó yàtọ̀ sí àpò ilé-iṣẹ́ náà? Bí wọ́n bá wọko gbèsè ńkọ́? Bí mo bá kó kúrò nílùú ńkọ́? Bí mo bá yí ọkàn padà, èló ni wọn ó dá padà? Tí nǹkan bá wọ́n sí i, ta ló máa san ìyókù, kí ni owó náà kò sì kó mọ́ra? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba irú owó yìí wó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Àwọn tó ti sanwó fún un lé ní 40,000, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà ni àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìnáwó níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó òwò náà. Ọ̀rọ̀ wọn máa ń dùn mí dọ́kàn, torí nítorí kí wọ́n má di ẹrù fún ọmọ ni wọ́n ṣe san owó ọ̀hún.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n fi owó náà sí àkáǹtì tí orúkọ ẹni tí wọ́n yàn wà lórí rẹ̀, tàbí kí wọ́n gba inṣọ́ránsì kékeré. Ẹ má fi í sí àkáǹtì tó jẹ́ tiyín nìkan, nítorí báńkì sábà máa ń tì í pa lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ kú.

Ẹ gba iye owó gbogbo nǹkan ní kíkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti wà láti ọdún 1984 pé ilé ìsìnkú gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé iye owó, kí wọ́n sọ ọ́ fún un lórí fóònù pẹ̀lú bó bá béèrè, kí wọ́n sì gba pósí tó rà níbòmíràn. Níbi tí irú òfin yìí kò bá sí, ẹ béèrè bákan náà. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Yàtọ̀ sí ilẹ̀ àti iná, ṣé ọ̀nà míì wà?

Ó wà. Omi ni ọ̀kan: wọ́n á gbé òkú sínú omi gbígbóná tí wọ́n ti po kẹ́míkà bí èyí tó ń sọ ọ̀rá di ọṣẹ mọ́, títí yóò fi ku egungun nìkan, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á kó o fún ẹbí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu ti Gúúsù Áfíríkà, tó kú ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ó ti sọ ọ́ ṣáájú pé òun ò fẹ́ ìnákúnàá, pé pósí tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí wọ́n rà. Igi lásán ni wọ́n gbé e sí, okùn ni wọ́n fi ṣe ọwọ́ pósí náà, gbogbo ayé sì rí i. Mi ò mọ àpẹẹrẹ ètò ìsìnkú tó yé mi ju ìyẹn lọ.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tún gbà kí wọ́n sọ òkú di ilẹ̀dú. Washington ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, lọ́dún 2019. Èèyàn sì lè fi òkú rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Níbi púpọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ láàyè. Wọ́n sì lè kọ òkú náà nítorí àìsàn kan tàbí nítorí pé àyè ò sí, nítorí náà ẹ ní ètò kejì.

Àwọn ọmọ mi ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má pe ìpàdé. Ìpàdé ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, níbi tí ẹ jọ ń ṣe nǹkan míì, nínú mọ́tò tàbí nígbà tí ẹ jọ ń ká aṣọ, kí ẹ sì sọ ohun kan ṣoṣo: "Orin yìí, mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ mi." Ó lè dákẹ́. Ó lè ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbọ́, kò sì ní í gbàgbé.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ tán. Níbo ni kí n tọ́jú rẹ̀ sí?

Kì í ṣe inú wíìlì nìkan, torí wọ́n sábà máa ń ka wíìlì lẹ́yìn tí ìsìnkú ti parí. Kì í sì í ṣe àpótí báńkì: èèyàn lè kú lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, báńkì ò ní í ṣí títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ yàn, ọ̀kan lọ́wọ́ lọ́yà tàbí olórí ìjọ yín, kí ọ̀kan sì wà nínú ilé níbi tí ọwọ́ lè tètè tó o.

Ìyá kan tí a jọ kọ tirẹ̀ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀. Ó fa ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, ó ṣí i, ó ní, "Ṣé o ti rí i?" Ó tún tì í, wọ́n sì lọ jẹun. Ó tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà kí ìyá tó kú, ní aago mẹ́ta òru. Ọmọ náà pè mí ní aago méje, ó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń ka ìwé náà fún mi lórí fóònù, ìlà kan tẹ̀ lé ìkejì. Ó dé ibi orin, ohùn rẹ̀ ha. A dúró títí ó fi lè máa kà á lọ.